Bẹ́ǹṣì Àkọ́kọ́ àti Bẹ́ǹṣì Ìkẹyìn

Gúnrégé ni wọ́n ń pe káfíńtà yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Bó bá fági tán, yóò di ojú òsì, yóò fi ojú ọ̀tún wo igi náà láti ìdí dé orí, yóò ní, "Ó gún régé." Kò tún ní sọ nǹkan mìíràn mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń sọ ọ́. Àwọn oníbàárà gba ojú ọ̀tún rẹ̀ gbọ́ ju téèpù lọ.

Onígbàgbọ́ ni, kì í sì í ṣe ti ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Láràárọ̀, kó tó gbé ayùn, yóò kúnlẹ̀ sórí èérún igi nínú ṣọ́ọ̀bù, yóò ní, "Jésù, máa lọ níwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn." Àdúrà rẹ̀ kì í gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díákónì ni nínú ìjọ. Kì í mutí. Kì í gba owó igi líle kó wá fi igi rírọ̀ ṣe iṣẹ́ olóhun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọjọ́ wo ló yà kúrò lójú ọ̀nà gbẹ̀yìn, kò ní rí ọjọ́ kankan tọ́ka sí. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dà á lórí rú nìyẹn.

Ìjọ fẹ́ bẹ́ǹṣì tuntun, ọgbọ̀n. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un. Ta ni wọn ì bá tún gbé e fún?

Iṣẹ́ bẹ́ǹṣì lófin kan. Ọ̀gá tó kọ́ Gúnrégé níṣẹ́ ti fi òfin náà gbá a létí, ó sì tún fi ọwọ́ gbá a létí kó má baà gbàgbé. Ó ní, "Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó o bá gé, ìyá nìyẹn. Ìyá ni kó o máa fi wọn ọmọ. Má fi ọmọ wọn ọmọ láéláé." Ìdí rẹ̀ ni pé pẹ́ńsùlù ní ara. Bó o bá fi igi kan lé igi kejì tó o fa ìlà, ìlà náà kò sí lábẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà. Bó o bá gé e, ọmọ yóò fi ara pẹ́ńsùlù ga ju ìyá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan kò ṣe nǹkan kan. Ojú kò rí i. Àmọ́ bí ọmọ bá tún di ìyá, tí ọmọ ọmọ náà tún di ìyá, a jẹ́ pé àtẹ̀gùn lò ń kàn, o sì rò pé bẹ́ǹṣì ni.

Gúnrégé mọ òfin yìí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó gé ìyá, ínṣì mẹ́rìndínlógún géérégé. Ó fi ìyá gé ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù ti bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, ó sì gé ẹyọ kan sílẹ̀ fún ìkejì. Ìgbà náà ni Pásítọ̀ yọjú.

"Díákónì, ṣé a lè rí ẹyọ kan tó ti parí, kí ìjọ fojú rí i?"

Kí ni èèyàn ń sọ fún Pásítọ̀? Ó kan bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ pọ̀, tòun tìyá, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìjọsìn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó ní òun á lọ wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Oòrùn mú. Ó wo ẹsẹ̀ kan tó ṣẹ́ kù. Ó ní, "Ọmọ ìyá ni ìwọ náà." Ó fi í gé ti bẹ́ǹṣì kejì, ó gé ẹyọ kan lé e fún ìkẹta, ó sì kan ìkejì pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹyọ ti ìkẹta ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ló tún fi gé. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí ọgbọ̀n fi pé. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló di ojú òsì tó ní, "Ó gún régé." Òótọ́ sì ni. Ojú tó ń wo títọ́ kò wo gíga.

Ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ wọn, ó sì tò wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra. Bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan àti ẹnìkejì rẹ̀ jọra bí ìbejì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n ya bẹ́ǹṣì náà sí mímọ́, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń yìn ín. Wọ́n ní àwọn kò rí Pásítọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, pé orí àwọn ará iwájú kì í dí àwọn mọ́. Gúnrégé kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àmọ́ ìyìn dùn létí. Ó ní, "Ọlọ́run ló fún wa lọ́gbọ́n."

Obìnrin kan wà nínú ìjọ náà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí wọ́n ń pè ní Màmá Kúkúrú. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi gbálẹ̀ ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ń dá gbé nínú yàrá méjì kan tó ní fèrèsé mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń nu gbogbo wọn. Bí wọ́n bá fi gíga rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Èmi ò kúrú. Ilẹ̀ ló fẹ́ràn mi." Iwájú pátápátá ló máa ń jókòó. Lọ́jọ́ náà, Gúnrégé lọ bá a níbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún sẹ́yìn lónìí. Àlejò ló máa jókòó síbí."

"Ẹ̀yìn dé ibo?"

"Ẹ̀yìn pátápátá ni àyè wà, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ó dáa. Bá a bá dé ọ̀run, tí wọ́n ní kí ìwọ Gúnrégé dúró síbi ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo máa bá ọ bẹ̀ wọ́n."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n ní kí ìjọ dìde kọrin, Màmá dìde pẹ̀lú wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀ níbi tó ti ń bá a láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ́.

Gúnrégé ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé e dìde.

"Ilẹ̀ sá fún mi," ni Màmá wí. "Gúnrégé, ilẹ̀ sá fún mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Àgbà ló dé yẹn."

Màmá ní ọmọkùnrin kan tó ń ṣe akọ̀wé ní ìlú mìíràn, Akọ̀wé náà sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó gbé ìyá rẹ̀ dìde ló wá bi léèrè.

"Ẹ̀yin lẹ wà nítòsí, sà. Kí lẹ rí? Ṣé òòyì ló kọ́ wọn?"

Gúnrégé ronú díẹ̀. Kò rí òòyì. Ṣùgbọ́n kí ni ì bá tún jẹ́? "Ó jọ òòyì," ló wí.

"Bí díákónì bá lè sọ ọ́, ó ti parí." Akọ̀wé fi ọwọ́ nu ojú. Ọmọ dáadáa ni. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń bà á. Ó ní òun á wá mú un lọ sọ́dọ̀ òun ní òwúrọ̀ Sátidé, òun á sì dá yàrá méjì náà padà fún onílé. Ìyá tí òòyì ń kọ́ kò gbọ́dọ̀ dá gbé. Màmá kò jà. Ó kàn ní, "Ní ilé tìrẹ, ẹnu ọ̀nà wo ni èmi á mọ̀ nínú òkùnkùn?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Gúnrégé gba ilé ìjọsìn lọ. Ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ìṣó kan ló yọrí tó fa aṣọ Màmá. Ó dojú bẹ́ǹṣì ìkẹyìn dé. Kò sí ìṣó tó yọrí. Bó ṣe fẹ́ dá a padà, gbólóhùn Màmá sọ sí i lọ́kàn: ilẹ̀ sá fún mi. Ó fa téèpù yọ. Ínṣì méjìdínlógún àbọ̀. Ó tún un wọ̀n. Méjìdínlógún àbọ̀ ni. Ó rìn lọ síwájú, ó wọn bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Mẹ́rìndínlógún géérégé. Ó wọn èyí tó wà láàárín. Mẹ́tàdínlógún àti díẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò lè jókòó sórí èyíkéyìí nínú wọn.

Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti pòrúurùu. Bó bá mú orí ọ̀rọ̀ náà, ìrù rẹ̀ á bọ́. Ṣé bẹ́ǹṣì ló gbé Màmá ṣubú ni, àbí ọjọ́ orí? Èèyàn márùn-ún ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, ẹnìkan ṣoṣo ló ṣubú. Bó bá lọ sọ ọ́, tí Màmá dúró sínú ilé rẹ̀, tó wá ṣubú níbi tí kò sẹ́ni tó máa gbé e dìde ńkọ́? Ọrùn ta ni ẹ̀jẹ̀ máa wà? Bó bá sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló lé arúgbó kúrò nílé. Èwo ni ọ̀nà Jésù níbẹ̀? Ó kúnlẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó ní, "Jésù, máa lọ níwájú." Ó ń wá ìyókù, kò rí i. Ó dà bíi pé kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ tó lè tẹ̀ lé.

Ó lọ bá Pásítọ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Pásítọ̀ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ẹ̀yìn fi rí mi!" Lẹ́yìn náà ó rí ojú Gúnrégé, ó gbé ẹ̀rín mì. "Díákónì, àṣìṣe nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"Èyí tí mo sọ fún ọmọ wọn ńkọ́?"

"O kò mọ̀ nígbà yẹn."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

Pásítọ̀ gbé pẹ́ńnì rẹ̀ sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ibi tó le gan-an nìyẹn," ló wí. "Èmi náà ò fẹ́ kí Màmá ṣubú nílé. Jẹ́ ká gbàdúrà." Wọ́n gbàdúrà. Ó gùn. Nígbà tí wọ́n dìde, àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹnì kan kò sì rí nǹkan kan lójú ẹnì kejì.

Lọ́jọ́bọ, ìyàwó Gúnrégé ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Ó ti ń wo ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Bàbá wọn, ẹ ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sódì."

Ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀, ó tún wọ̀ ọ́ sódì. Ó bá rò ó fún un. Obìnrin náà gbọ́ títí, kò dá ọwọ́ dúró.

"Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mọ̀?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Mi ò bi yín ní ìgbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ìgbà wo ló kọ́kọ́ ṣe yín bíi pé nǹkan wà níbẹ̀?"

Ó fẹ́ sọ pé kò sí. Ó wá rántí bẹ́ǹṣì kejìlá. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, orí wọn kò sì dọ́gba. Ó wò ó. Ó ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kò tẹ́jú.

"Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo dá lẹ́bi," ló wí.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi ẹ wá dá ọjọ́ orí Màmá lẹ́bi."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Èmi ò mọ̀." Ó na ṣẹ́ẹ̀tì kan gbọọrọ lórí itan. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ ni. Mo kàn rí i pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò tíì dá lẹ́bi."

Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, á wẹ̀yìn wò. Gúnrégé wẹ̀yìn wò títí ojú fi ro ó. Ó ń wá ọjọ́ tó ṣìnà, kí òun lè mọ ibi tí òun máa padà sí. Kò rí ọjọ́ kankan. Àná rẹ̀ kò burú. Òní rẹ̀ sì jọ àná. Bí nǹkan ṣe rí lọ́dọọdún nìyẹn, òní jọ àná, ọkàn balẹ̀. Ṣé ọmọ ló ti fi ń wọn ọmọ láti ọjọ́ yìí? Láràárọ̀ ló ń sọ pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn ta ni? Ó dà bíi pé lẹ́yìn ara rẹ̀ ni. Kò dá a lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí Jésù ṣe fún àwọn arúgbó àti àwọn opó nínú Ìwé Ìhìn Rere, bóyá á rí ti bẹ́ǹṣì. Kò rí ti bẹ́ǹṣì. Ohun tó rí ni pé Jésù kì í sọ pé òun rí ohun tí òun kò rí.

Òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà Màmá. Àpò méjì ti wà nínú búùtù. Wọ́n ti ká kọ́tìnì kúrò lójú fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gúnrégé dé, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, bẹ́ǹṣì méjì, àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, sì wà lórí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Akọ̀wé wí. "Ṣé ẹ wá bá Màmá dágbére ni? Ẹ tún gbé àga dání."

Gúnrégé gbé bẹ́ǹṣì méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ síwájú ilé, lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. Ó ti kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n olómi, irinṣẹ́ tó ń sọ bóyá ibì kan tẹ́jú, wo sìmẹ́ńtì náà kó tó gbé wọn sórí rẹ̀. Kò fẹ́ dá ilẹ̀ kankan lẹ́bi mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sórí èyí."

Màmá tiro wá, ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ wá síbí náà."

Ó jókòó sórí ìkejì. Ó na ẹsẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló kan ilẹ̀, ìyókù ń mì.

"Háà! Ó tún sá!" ni Màmá pariwo. "Mo sọ ọ́! Mo sọ pé ilẹ̀ sá fún mi, o ní àgbà ló dé!"

Gúnrégé ṣàlàyé. Kò fi nǹkan bò ó. Ó sọ ti ìyá àti ọmọ, ti oòrùn, ti bẹ́ǹṣì kejìlá. Akọ̀wé gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé òòyì ni."

"Èmi ni. Mi ò rí òòyì kankan. Mo rí ẹni tó ṣubú, mo sì fi ọ̀rọ̀ ara mi kún un."

"Ṣé òòyì kì í kọ́ wọn rárá nígbà náà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé wọn ò ní ṣubú bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ níbí?"

"Mi ò mọ ìyẹn náà."

"Kí wá lẹ mọ̀, sà?"

"Ínṣì méjì àbọ̀," ni Gúnrégé wí. "Òun nìkan ni mo mọ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mú wọn lọ láìmọ̀ ọ́n."

Akọ̀wé fara ti ọkọ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo àpò, ó wo bẹ́ǹṣì. Kò mọ ẹni tí ìbínú rẹ̀ máa bá.

Màmá ló sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, gbọ́. Bẹ́ǹṣì ga, òótọ́ ni. Èmi náà dàgbà, òótọ́ ni. Gbé àpò mi wọlé. Máa pè mí lórí fóònù láràárọ̀. Bí mi ò bá gbé e, kó o máa bọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣubú lórí ilẹ̀ tó dúró sójú kan, wá gbé mi, mi ò ní janpata."

Akọ̀wé gbé àpò kan wọlé, ó fi ìkejì sílẹ̀ nínú búùtù fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà wá gbé e. Kó tó wọ ọkọ̀, ó yíjú sí Gúnrégé.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, sà?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Kí lẹ tún ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀?"

Gúnrégé bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kàn. Ìlẹ̀kùn, fèrèsé, ibùsùn ọmọ tuntun, àpótí òkú. Akọ̀wé kò dúró gbọ́ èsì, ó wa ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Gúnrégé dìde níwájú ìjọ, ó sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní òun kò fara mọ́ ọn kí wọ́n gé bẹ́ǹṣì òun kúrú, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí Pásítọ̀ ni. Pásítọ̀ ní kó wá jókòó síwájú. Ọkùnrin náà ní òun kò ní ìgbàgbọ́ tó tó ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Ilé ìjọsìn gan-an ló ti ṣe é. Ó yọ ìyá kúrò lára bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, ó fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀, ó sì fi ìyá kọ́ ìṣó lára ògiri níwájú. Bó bá fẹ́ gé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, á rìn wá síwájú, á mú ìyá, á rìn lọ sẹ́yìn, á fa ìlà, á dá ìyá padà sórí ìṣó. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ló dé tí kò kúkú gbé e dání títí. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní rínrìn náà ń ṣe òun lóore.

Àdúrà àárọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ sórí èérún igi. Nígbà mìíràn á kúnlẹ̀ pẹ́, kò ní mọ ohun tó máa wí, á wá dìde láìwí nǹkan kan, á ka ẹsẹ mélòó kan nínú Ìhìn Rere kó tó gbé ayùn. Kì í fi gbogbo ìgbà yé e.

Lọ́jọ́ tí ó gé bẹ́ǹṣì ìkẹyìn tán, Màmá Kúkúrú wá, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ló rìn lọ. Ó ní ibi tí ilẹ̀ ti sá ni òun fẹ́ wò. Ó dúró ti bẹ́ǹṣì náà, ó wo Gúnrégé láti òkè délẹ̀.

"Ó ti gún régé báyìí?"

Ojú òsì káfíńtà náà ti ń pa dé. Ó là á padà. Ó na ọwọ́ sí Màmá, ó dì í mú.

"Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná, Màmá. Ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ wò ó."